Adelé Tí Ó Gba Adé: Sáà 2017 Ikọ̀ Philadelphia Eagles

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2017, ní ìlú Los Angeles, Carson Wentz ju ara rẹ̀ sáàárín àwọn alátakò kí ó lè gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Ó dìde, ó tún ṣeré díẹ̀ sí i, ó tilẹ̀ ju bọ́ọ̀lù kan tí ó di ayò, kí ó tó rọra rìn kúrò lórí pápá. Iṣan orúnkún rẹ̀ ti já. Ikọ̀ rẹ̀, Philadelphia Eagles, borí Los Angeles Rams lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àmì 43 sí 35, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn gbà pé sáà náà ti parí.

Ìdí wà fún ìbẹ̀rù wọn. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí ó gbajúmọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní kọ́tàbáàkì ni eré ń ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun ni yóò gba bọ́ọ̀lù, tí yóò sì pinnu ibi tí yóò jù ú sí, kí àwọn òmìrán tó gbé e ṣánlẹ̀. Wentz ti ju bọ́ọ̀lù 33 tí ó di ayò ní sáà náà. Kò sí kọ́tàbáàkì Eagles kankan tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí ní sáà kan.

Ìyà ìrètí sì ti jẹ ìlú Philadelphia pẹ́. Ọdún 1960 ni ikọ̀ náà gba ife ẹ̀yẹ kẹ́yìn, kí ìdíje Super Bowl tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n dé ìparí ìdíje náà ní 1981 àti 2005, ọwọ́ òfo ni wọ́n bá padà sílé. Ní sáà 2016, tí Doug Pederson kọ́kọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ìdíje méje ni wọ́n borí nínú mẹ́rìndínlógún.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2017 kò fi ohun ńlá hàn. Wọ́n borí Washington, Kansas City sì borí wọn. Ní ìdíje kẹta, òun àti New York Giants ta ọ̀mì 24 sí 24 nígbà tí àkókò fẹ́ tán. Jake Elliott, ọ̀dọ́mọdé tí wọ́n mú wá rọ́pò agbábọ́ọ̀lù tí ó fara pa, gbá bọ́ọ̀lù láti yáàdì 61, ó sì gba àárín òpó kọjá. Láti ọjọ́ náà, ìdíje mẹ́sàn-án ni wọ́n borí léraléra.

Bí ayọ̀ ti ń wọlé ni ìpalára ń wọlé. Darren Sproles fara pa, Jason Peters fara pa, Jordan Hicks fara pa. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó padà sórí pápá ní sáà náà. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ikọ̀ náà gba Jay Ajayi lọ́wọ́ Miami Dolphins. London ni wọ́n ti bí i, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ orírun rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá: Àjàyí, ọmọ tí ó da ojú bolẹ̀ wáyé. Nítorí orúnkún rẹ̀ tí kò dá àwọn dókítà lójú, ọ̀pọ̀ ikọ̀ ni ó ti fò ó dá nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tuntun ní 2015. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ fún Eagles, ó sáré yáàdì 46 lọ gba ayò sílé Denver. Nelson Agholor, tí wọ́n bí ní Èkó, náà wà nínú ikọ̀ yìí.

Nick Foles ni ó rọ́pò Wentz. Ní 2016, Foles ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi eré náà sílẹ̀ pátápátá. Ó kọ́kọ́ borí Giants, ó jìjàkadì kí ó tó borí Oakland, Dallas sì nà wọ́n ní 6 sí 0. Nígbà tí ìdíje àṣekágbá dé, Eagles ni ó wà ní ipò kìíní ní ìpín wọn, síbẹ̀ àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ sọ pé Atlanta ni yóò borí. Eagles borí wọn ní 15 sí 10, méjì nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù sì gbé ìbòjú ajá wọ̀ láti fi àwọn tó fojú tín-ín-rín wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na Minnesota ní 38 sí 7.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kejì, ọdún 2018, wọ́n pàdé New England Patriots àti Tom Brady ní Minneapolis. Kí abala kìíní tó parí, yáàdì kan ṣoṣo ni ó kù kí Eagles wọlé, àǹfààní kan péré ni ó sì kù wọ́n kù. Wọn ì bá gbá bọ́ọ̀lù fún àmì mẹ́ta. Foles dábàá ọgbọ́n kan, Pederson sì gbà. Corey Clement gba bọ́ọ̀lù, ó fi lé Trey Burton lọ́wọ́, Burton sì jù ú sí Foles fúnra rẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa jù ú ni ó gbà á wọlé. Patriots padà gba iwájú ní 33 sí 32, ṣùgbọ́n Zach Ertz gba ayò, Brandon Graham já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Brady, Elliott sì gbá àmì mẹ́ta sí i. Eré parí ní 41 sí 33. Foles ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ. Ní Philadelphia, ọlọ́pàá ti fi òróró pa àwọn òpó iná kí ẹnikẹ́ni má baà gùn wọ́n. Àwọn ènìyàn gùn wọ́n síbẹ̀.

Ayọ̀ náà kò fìdí kalẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, iṣan orúnkún Ajayi já, kò sì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Foles lọ ní 2019, nítorí Wentz ni ikọ̀ náà yàn láti dì mú. Nígbà tí 2021 fi wọlé, wọ́n lé Pederson, Wentz náà sì lọ.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ohun tí sáà 2017 fi hàn ni pé ikọ̀ tí ó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ ka ẹnì kan lórí yóò wó lọ́jọ́ tí ẹni náà bá wó. Àwọn tí Philadelphia gbójú lé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ń wòran nígbà tí ife ẹ̀yẹ dé. Àwọn adelé ni ó gbà á, nítorí pé ẹnì kan ti pèsè wọn sílẹ̀ kí ọjọ́ tí a nílò wọn tó pé, ó sì fọkàn tán wọn nígbà tí ó pé.