Ohun Tó Wà Nínú Irin àti Tánganran

Henry Clifton Sorby kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì. Ọmọ olówó ní ìlú Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni, ogún bàbá rẹ̀ ló sì ń ná sórí ìwádìí. Ní nǹkan bí 1849 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ òkúta títí yóò fi fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, á wá gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín: ta ló ń fi maikirosíkóòpù wo òkè? Ní 1863 ó kọjú sí irin. Ó dán ojú rẹ̀, ó fi ásíìdì jẹ ẹ́ díẹ̀, ó sì rí i pé hóró kéékèèké tó so mọ́ra ni.

Ohun tó wà nínú hóró náà fúnra rẹ̀ fara pamọ́ di 1912, nígbà tí Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Munich ta X-ray gba inú kírísítálì kan, irú ohun tí hóró irin kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àmì tóótòòtó tó hàn jẹ́rìí pé átọ́ọ̀mù tò ní ẹsẹẹsẹ. William Bragg àti Lawrence ọmọ rẹ̀ wá fi ìṣirò túmọ̀ irú àmì bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni Lawrence nígbà tí bàbá àtọmọ jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915.

Ṣùgbọ́n wàhálà dé. Bí átọ́ọ̀mù bá tò dáadáa tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí irin le ju bó ṣe le lọ fíìfíì. Ní 1934, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta, Taylor, Orowan àti Polanyi, láìjọ gbìmọ̀, sọ pé ìtò náà ń yẹ̀ níbì kan, àti pé ibi tó yẹ̀ yìí ló ń rìn kiri tí irin fi ń tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí i. Ọdún 22 kọjá kí àwọn olùwádìí Hirsch, Horne àti Whelan tó fi maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rí i ní Cambridge, tó ń rìn nínú alumíníọ̀mù. Lójú tèmi, kò sí èyí tó dùn tó o nínú gbogbo ìtàn yìí.

Nínú tánganran, átọ́ọ̀mù di ara wọn mú ju kí ibi tó yẹ̀ lè rìn. Ìdí nìyí tí kì í fi í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ihò kéékèèké inú rẹ̀ sì ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Lápá ìparí àwọn ọdún 1950, Robert Coble ní ilé ìwádìí General Electric ní Amẹ́ríkà fi èròjà magnesia bíńtín sínú alúmínà, tó jẹ́ irú tánganran kan, ihò wọ̀nyẹn sì ráyè jáde nígbà sísun. Alúmínà yìí ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá inú gílóòbù sódíọ̀mù tó ń tan iná aláwọ̀ ìyeyè sí títì.