Òòfà Ayé àti Afẹ́fẹ́ Tó Ń Jò Lọ Sójú Òfurufú

Bí a bá so abẹ́rẹ́ òòfà rọ̀ láàárín ní Shasha, lágbègbè Alímọ̀ṣọ́, ńṣe ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja. Ní òpin àríwá ayé, abẹ́rẹ́ yẹn kan náà á dorí kodò. Ìlà tó pín òòfà ayé sí méjì ló gba òkè Nàìjíríà kọjá, kò sì jìnnà sí Èkó. Ìdúró abẹ́rẹ́ yìí ló ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ayé ti ń jò.

Oòrùn kì í tan ìmọ́lẹ̀ nìkan. Ó ń tú ẹ̀fúùfù oníná mànàmáná jáde, tó ń sáré bí 400 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòfà ayé máa ń darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Ti pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ti kú láti bí bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún. Ọkọ̀ òfurufú MAVEN, tó débẹ̀ ní September 2014, rí i pé bí 100 gíráàmù afẹ́fẹ́ ló ń bọ́ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pọ̀ sí i bí ìjì oòrùn bá jà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe òòfà ní asà. Àgùàlà, tí àwọn èèyàn ń pè ní ajá òṣùpá, kò ní òòfà tirẹ̀, ó tún sún mọ́ oòrùn jù wá lọ. Síbẹ̀ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wúwo tó ìlọ́po 90 tiwa. Máàsì kéré lára, kò lágbára tó láti fa nǹkan mọ́lẹ̀. Ìyẹn náà wà nínú ẹjọ́ rẹ̀.

Ayé gan-an ń jò, pàápàá lókè òpin àríwá àti gúúsù, níbi tí okùn òòfà ti là sí òfurufú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Endurance, tí wọ́n yìn láti Svalbard ní May 2022, bá agbára iná kékeré kan pàdé níbẹ̀, 0.55 fóólítì péré. Ó tó láti ti afẹ́fẹ́ oníná sókè.

Lókè Èkó, okùn òòfà dùbúlẹ̀, àtorí àtìdí rẹ̀ ló wọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníná tó bá gòkè lójú ọ̀sán á yọ̀ tẹ̀lé okùn náà, á padà sọ̀ sí àríwá àti gúúsù. Ní 1957 sí 1958, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ń ta ìgbì rédíò sókè láti yẹ ìpele afẹ́fẹ́ oníná yìí wò. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ó máa ń dàrú, pàápàá ní March àti September, ìgbì GPS á sì máa gbọ̀n títí di òru.

Haidirójìn tí kò ní iná lára ni òòfà kò rí mú. Bí kìlógíráàmù mẹ́ta haidirójìn ló ń fi ayé sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.