Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Láàárín Tẹ̀gbọ́n Tàbúrò: Híhun Aṣọ Ọdún ní Kùmásì

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia ní orílẹ̀-èdè Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gba ọ̀kan, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde kúrò nílùú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀pọ̀ ni a ti kọ lórí ohun tí àṣẹ náà ṣe sí òwò, sí iṣẹ́ oko kòkó àti sí ìbáṣepọ̀ Gánà àti Nàìjíríà. Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni àsìkò tí ó bọ́ sí. Inú àwẹ̀ Ràmàdáánì ni àwọn Mùsùlùmí wà nígbà náà. Ìtúnnù àwẹ̀ ọdún yẹn bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, Kérésìmesì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú oṣù kan náà. Ìyẹn ni pé àṣẹ náà dé ní àkókò tí ọwọ́ àwọn obìnrin Kùmásì kì í sinmi, yálà nídìí ọjà títà tàbí nídìí iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìtàn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí, pàápàá híhun fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ òtútù, lè fi ohun kan hàn nípa bí àwọn obìnrin ṣe bára wọn gbé ní ìlú náà, èyí tí ìwé ìṣirò owó ọjà kò lè fi hàn.

Ìparí ọdún kò ṣàdédé di àsìkò iṣẹ́ ní Kùmásì. Ìlú yìí ti jẹ́ olú-ìlú àwọn Àṣáńtì láti ayé Osei Tutu. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà, ojú irin rélùwéè dé ibẹ̀ láti Sekondi ní 1903, òmíràn sì dé láti Accra ní 1923. Rélùwéè ń kó kòkó lọ sí etíkun, ó sì ń kó aṣọ, òwú àti abẹ́rẹ́ òkè òkun bọ̀. Ìkórè ńlá kòkó a máa wà láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìn-ín-ní, nítorí náà, ìgbà tí Kérésìmesì bá ń sún mọ́lé gan-an ni owó máa ń wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìgbà yìí kan náà ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá láti aginjù Sàhárà. Bí oòrùn ọ̀sán tilẹ̀ mú, òtútù ìdájí a máa mú ìkókó àti arúgbó. Ẹni tí ó bá ń ṣe kàyééfì pé kí ni aṣọ òtútù ń wá ní ilẹ̀ olóoru, kí ó rántí ìdájí ọyẹ́. Owó kòkó, òtútù ọyẹ́ àti ayẹyẹ ọdún ni ó para pọ̀ sọ fìlà olówùú di ọjà, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀bùn.

Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí owó yìí fà wá sí Kùmásì. Wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìníṣà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú mìíràn wá. Lẹ́yìn tí Ọjà Ńlá Kùmásì ṣí ní 1925, wọ́n ní ìsọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti oríṣiríṣi ọjà wẹ́wẹ́. Alata ni a ń pè wọ́n ní Gánà, orúkọ tí ó ṣẹ̀ láti ara Allada, ìlú àtijọ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Benin òde òní. Wọn kò wá fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ nílé. Àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wọn, àwọn Onítẹ̀bọmi náà sì wà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n jẹ́ Onítẹ̀bọmi ti ń pàdé jọ́sìn ní Gánà kí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó ti Nàìjíríà wá fìdí kalẹ̀ sí Kùmásì ní 1947. Bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní àwọn ẹlẹ́sìn méjèèjì nínú. Ẹni tí kò ṣe ọdún kan yóò bá ẹni tí ó ń ṣe é múra sílẹ̀, òun náà yóò sì gba ìrànlọ́wọ́ padà nígbà tí tirẹ̀ bá dé.

Ní ti híhun fúnra rẹ̀, ìṣe Yorùbá àti ìṣe Àṣáńtì yàtọ̀ síra. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin a máa hun kíjìpá lórí òfì tí a gbé dúró lóòró, ọkùnrin a sì máa hun aṣọ òkè lórí òfì olójú tín-ín-rín. Nínú èdè Twi tí àwọn Àṣáńtì ń sọ, *nwene* ni híhun aṣọ, *nwentoma* sì ni orúkọ aṣọ tí ayé mọ̀ sí kẹ́ńtè. Ní Bonwire, ìlú ìhunṣọ tí kò jìnnà sí Kùmásì, ọkùnrin ni àṣà fi òfì lé lọ́wọ́, a sì ka obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù léèwọ̀ nídìí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí híhun alábẹ́rẹ́ dé, kò bá àwọn obìnrin méjèèjì ní ipò kan náà. Ó bá ọmọ Yorùbá tí ìyá ìyá rẹ̀ lè ti jókòó nídìí òfì. Ó sì bá ọmọ Àṣáńtì tí a kò fún ní àyè nídìí òfì rí. Lọ́dọ̀ ti ìkejì, abẹ́rẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tí òfì tì.

Ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni abẹ́rẹ́ yìí ti wá ní pàtàkì. Rosina Widmann ti ìjọ Basel bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Akropong ní 1847. Anna Hinderer dé Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní 1853, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ níbẹ̀. Nígbà tí ó di 1882, tí Èkó ṣì wà lábẹ́ àkóso Gold Coast, òfin ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ibi méjèèjì, òfin náà sì fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kún ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin kí ilé ẹ̀kọ́ tó lè gba owó ìrànwọ́. Ní Kùmásì gan-an, àwọn obìnrin míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ó ń jẹ́ Mmofraturo sílẹ̀ ní 1930. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ọgbà àwọn ọmọdé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Agogo, ní ilẹ̀ Àṣáńtì bákan náà. Èrò àwọn tí ó dá irú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sọ ọmọbìnrin di ìyàwó ilé gẹ́gẹ́ bí ìjọ ti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin gbé e kọjá ibẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ìsọ̀ ọjà, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí a ń pín ṣe.

Ìyàtọ̀ èdè wúlò níhìn-ín. Nínú Twi, *nua* ni ọmọ ìyá ẹni, *nuabaa* sì ni bí ó bá jẹ́ obìnrin. Akọ tàbí abo ni èdè náà ń tọ́ka sí. Yorùbá kò béèrè akọ tàbí abo. Ohun tí ó ń béèrè ni ta ni a kọ́kọ́ bí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ọ̀rọ̀ méjì yìí kò sì dúró sórí ọmọ ìyá nìkan; wọ́n kan ọmọ bàbá, ọmọ àbúrò bàbá, àti aládùúgbò tí a jọ gbélé. Àwọn ìjọ ní tiwọn tún mú "arábìnrin" wá, èyí tí ó kan míṣọ́nnárì àti ọmọ ìjọ bákan náà. Nígbà tí a bá wá sọ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń hun aṣọ ọdún, ọ̀rọ̀ náà ti sọ bí a ó ṣe pín iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́.

Irú iṣẹ́ náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun fìlà ìkókó yóò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu fìlà. Apá yìí kò le. Ojú kan náà ni a ń hun léraléra, ọmọdé tí ó bá ti lè kà á kò ní ṣì í. Nígbà tí ó bá kan àtàrí, a ní láti máa dín ojú kù díẹ̀díẹ̀ kí fìlà lè pa dé. Ibẹ̀ ni àbúrò yóò ti gbé e fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n tí ó ń tajà lọ́wọ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan, kí oníbàárà dé, kí ó sì gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Òwe àwọn àgbà pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, bá iṣẹ́ yìí mu gan-an. Òfì kò ṣeé gbé kiri báyìí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ méjì àti òwú onírun àgùntàn kò gba àyè ju inú igbá kékeré lọ. A lè gbé e lọ sí ọjà, sínú rélùwéè tàbí sí ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Ohun kan wà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í ṣì mọ̀: ọwọ́ kan a máa fa òwú le, òmíràn a máa jẹ́ kí ó dẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá hun aṣọ kan, ojú híhun yóò fi ibi tí ọ̀kan ti jáwọ́ àti ibi tí ìkejì ti gbà á hàn. Nínú aṣọ títà, àléébù ni èyí. Nínú aṣọ tí ó jẹ́ ẹ̀bùn ọdún, òun gan-an ni ó ń sọ fún ẹni tí ó gbà á iye ọwọ́ tí ó ronú kàn án.

Èyí ni ó jẹ́ kí àṣẹ 1969 ba ohun tí ó ju òwò lọ jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá náà pé ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá. Oníṣòwò tí ó ti kó ọjà ọdún sílẹ̀, tí ó sì ti ta àwìn fún àwọn tí yóò san án nígbà tí owó kòkó bá dé, kò ní àyè láti dúró de onígbèsè. Ọ̀pọ̀ ta ẹrù wọn ní ọ̀pọ̀ kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀. Àwọn mìíràn fi í sílẹ̀. Ọ̀nà Togo àti Dahomey ni wọ́n gbà padà sí Nàìjíríà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí níbẹ̀. Láàárín wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí ní Gánà wà, tí Twi wọn dá ṣáká ju Yorùbá wọn lọ, tí wọ́n sì bá ọmọ Àṣáńtì jókòó lórí àga kan náà nílé ẹ̀kọ́. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ máa ń kọjá lọ́wọ́ wọn ní ìparí ọdún. Nígbà tí òfin 1970 tún fi òwò kéékèèké pamọ́ fún àwọn ọmọ Gánà, ìsọ̀ di ti ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ nìkan ni ẹrù tí ó fúyẹ́ tó láti bá ènìyàn délé, ìmọ̀ ọwọ́ kò sì gba ìwé àṣẹ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni ti kù sẹ́yìn.

Nàìjíríà náà ṣe tirẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, kété lẹ́yìn ọdún tuntun, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde, àwọn ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Èdè fi ìlékúrò méjèèjì pamọ́ lọ́nà tirẹ̀. *Alata samina* ni Twi ṣì ń pe ọṣẹ dúdú títí di òní, orúkọ àwọn Yorùbá tí wọ́n ń tà á sì wà nínú rẹ̀. "Ghana Must Go" ni a sì ń pe àpò ńlá oníkẹ́kẹ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀kan jẹ́ orúkọ àjọgbé, èkejì jẹ́ orúkọ ìpínyà.

Híhun alábẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Yorùbá mú "hun" tí a fi ń hun aṣọ, ẹní àti agbọ̀n, ó sì lò ó fún un. Ó mú "ojú" tí ó wà lára àwọ̀n apẹja, ó sì fi ń ka híhun. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára, wọ́n sì tó láti fi kọ́ni, bí a bá lè gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń lò wọ́n. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1969 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ní Kùmásì, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀fà. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti ti Twi rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá wọn, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń pe ojú tí a dín kù, ojú tí ó já, àti iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ tí àbúrò parí. Kí wọ́n gbé òwú àti abẹ́rẹ́ dání lọ, nítorí ọwọ́ a máa rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé.