Ọyẹ́, Òjò àti Lẹ́búlẹ́bú Òdòdó Igi: Ẹ̀kọ́ Ìtàn láti Enugu

Ìfáàrà

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Enugu, ó ṣọ̀wọ́n kí a wọ kíláàsì kan kí a má gbọ́ ọmọ tó ń sín. Imú á máa ṣomi, ojú á máa yún, ẹni tó ní ikọ́ fée á máa wá èémí. Ohun tí òbí àti olùkọ́ máa ń sọ ni pé ọyẹ́ ti dé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ọyẹ́ a máa gbé eruku aṣálẹ̀ wá, a sì tún máa gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ìyẹn eruku kíún tó ń ti ara akọ òdòdó lọ bá abo kí igi tó lè so. Nínú bébà yìí, a fẹ́ fi hàn pé ó pẹ́ kí ọmọ aráyé tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú ọjọ́ àti ohun tí ojú ọjọ́ rù. Olùkọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ náà, ìmọ̀ràn ààbọ̀ ni yóò máa fún òbí.

Alárù àti ẹrù

Ní ọdún 1819, dókítà kan tó ń jẹ́ John Bostock ka bébà níwájú àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London, nípa àìsàn tó ń ṣe òun fúnra rẹ̀. Bí oṣù kẹfà bá ti dé lọ́dọọdún, imú rẹ̀ a máa ṣomi, ojú rẹ̀ a sì pọ́n. Ooru àti oòrùn ni Bostock di ẹ̀bi náà rù. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn èyí kí Charles Blackley, dókítà ní Manchester, tó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1873. Àìsàn kan náà ló ń bá a jà. Ó fi ohun tó ń lẹ̀ pa gíláàsì lára, ó gbé e síta, ó sì ń ka iye lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún so gíláàsì mọ́ káìtì, ó fi í ránṣẹ́ sókè, ó sì rí i pé ti òkè pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí òjò bá rọ̀, iye náà a lọ sílẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, a tún gbéra. Koríko ni Blackley dojú kọ jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ti igi tó gbára lé afẹ́fẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tó sì móoru, àpò tí lẹ́búlẹ́bú wà nínú rẹ̀ a gbẹ, a là, atẹ́gùn a sì gbé e lọ. Nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀, àpò náà kì í fẹ́ là. Èyí tó bá ti jáde a mu omi, a wúwo, a tètè balẹ̀. Òjò a fọ èyí tó kù kúrò lójú ọ̀run. A lè sọ pé ojú ọjọ́ ni alárù, lẹ́búlẹ́bú ni ẹrù. Alárù ni Bostock rí, kò rí ẹrù.

Enugu àti àwọn igi rẹ̀

Èédú inú ilẹ̀ ló bí ìlú Enugu. Wọ́n rí i ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, ojú irin láti Port Harcourt sì dé ibẹ̀ ní 1916. Ẹsẹ̀ òkè Udi ni ìlú náà tẹ̀dó sí. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún níbẹ̀: ọyẹ́ gbígbẹ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, àti afẹ́fẹ́ olómi láti orí òkun ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ní ibi tó bá wà ní ẹsẹ̀ òkè, afẹ́fẹ́ tútù a máa ṣàn wálẹ̀ lóru. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lè dúró sí ìsàlẹ̀, ní gbọọrọ imú ènìyàn, títí oòrùn yóò fi mú ilẹ̀ móoru.

Ìrókò, tí àwọn Igbo ń pè ní ọjị, kì í dúró de kòkòrò. Akọ igi yàtọ̀ sí abo, afẹ́fẹ́ ni alárinà wọn, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì máa ń tanná. Ti ọ̀pẹ yàtọ̀ díẹ̀: kòkòrò ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, afẹ́fẹ́ ń ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ìlú dé ni igi àjòjì wọlé, irú bíi páìnì tó wà ní Ngwo. Lẹ́búlẹ́bú páìnì ní àpò afẹ́fẹ́ méjì lára, ó sì lè rin ọ̀nà jíjìn réré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà fa àìsàn. Ẹni tó gbin igi sí ìlú nítorí pákó tàbí ibòòji ti fi kún ohun tí ọmọ ẹlòmíràn yóò fà símú.

Ẹ̀rí inú ẹrẹ̀

Èèpo lẹ́búlẹ́bú le débi pé ó lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láì jẹrà. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ṣe ẹlẹ́rìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1981. Nínú ẹrẹ̀ agbègbè Niger Delta, ó rí i pé lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ pọ̀ sí i gan-an ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn. Ọwọ́ àgbẹ̀ tó ń ṣán igbó ló rí níbẹ̀. Jean Maley, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tọ́ka sí ojú ọjọ́ ní tirẹ̀: ọ̀gbẹlẹ̀ ló fọ́ igbó sí wẹ́wẹ́ tí ọ̀pẹ fi ráàyè. Àríyànjiyàn yìí kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ ka ẹrù láì bi ara wa léèrè ta ni ó dì í, ta ni ó sì gbé e.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ ti wà nítòsí wa. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún 1990, Agwu àti Osibe ṣe ìwádìí lẹ́búlẹ́bú inú afẹ́fẹ́ ní Nsukka. Irú rẹ̀ ló yẹ kó wọ kíláàsì, nítorí ìgbà ìrúwé ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ̀rọ̀ àìsàn yìí ń tọ́ka sí, a kò sì ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni tiwa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé gbogbo òjò ló ń wẹ afẹ́fẹ́ mọ́. Ní Melbourne, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjì òjò fọ́ lẹ́búlẹ́bú koríko sí wẹ́wẹ́ tó kéré tó láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ènìyàn 10 ló kú. Olùkọ́ tó bá mọ èyí kò ní lé ọmọ oníkọ́ fée síta nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ bá ń jà.

Àbá wa kò gba owó púpọ̀. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan fi faselínì pa gíláàsì, kí a gbé e síta láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ maikirosíkóòpù. Kí wọ́n kọ afẹ́fẹ́, oòrùn àti òjò ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí Blackley fi bẹ̀rẹ̀ kò ju báyìí lọ. Bí a bá ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, a ó ní àkọsílẹ̀ tí dókítà àti òbí lè gbára lé, akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò sì lè sọ ohun tí ọyẹ́ gbé wá ní àfikún sí pé ọyẹ́ ti dé.