Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Láti Wọn Ẹ̀rí: Àpẹẹrẹ Láti Inú Ìtàn Èjìgbò

Àròkọ alárìíyànjiyàn wà lára àwọn àròkọ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kọ. Kí ọ̀rọ̀ dùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lé, bẹ́ẹ̀ adùn ọ̀rọ̀ kọ́ ni ẹ̀rí. Olùkọ́ tó fẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ náà kò nílò àpẹẹrẹ ọ̀nà jíjìn. Ìtàn ìlú tí wọ́n ń gbé tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Akínjọlé, tó wá láti Ilé-Ifẹ̀, ló tẹ ìlú náà dó. Àwọn kan tún ní Ògìyán, orúkọ oyè ọba ibẹ̀, túmọ̀ sí òrìṣà tó ń jẹ iyán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Èkíní jẹ́ ìròyìn tí ìran kan gbé lé òmíràn lọ́wọ́. Èkejì jẹ́ àlàyé lórí orúkọ, ó sì ṣeé ṣe kí orúkọ ti wà tipẹ́ kí àlàyé tó dé. Ìtumọ̀ orúkọ nìkan kò lè fìdí ìtàn múlẹ̀.

Ìwé pàápàá ní ìbéèrè tirẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897, ó sì kú ní 1901. Ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ sọnù. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ta ló sọ ìtàn fún òǹkọ̀wé? Ojú ìlú wo ló fi wo ọ̀rọ̀? Títẹ̀ tí wọ́n tẹ ìwé kò sọ ọ́ di òótọ́, kò sì sọ ọ́ di irọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ju eré kíláàsì lọ, nítorí ìtàn ìdílé ni wọ́n ń gbé lọ sílé-ẹjọ́ nígbà ìjà ilẹ̀. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie láti ilẹ̀ Gánà, ilé-ẹjọ́ Privy Council ní London là á kalẹ̀ pé bí ìtàn méjì bá tako ara wọn, kí adájọ́ má fi ìṣesí ẹlẹ́rìí ṣe òṣùwọ̀n. Ẹlẹ́rìí lè gba ohun tí bàbá rẹ̀ sọ gbọ́ tọkàntọkàn, kí àṣìṣe sì ti wọ̀ ọ́ kó tó dé etí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún àìpẹ́, tí ẹ̀rí wà fún, ni kí ó fi yẹ ìtàn méjèèjì wò: ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà náà ń tẹ̀lé ìlànà yìí.

Ohun tí adájọ́ ń ṣe kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Kí olùkọ́ fún wọn ní ìtàn méjì tó takora, kí wọ́n kọ ẹ̀rí tó gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan àti èyí tó tako ó. Kí ó sì fún ẹni tó bá sọ ibi tí ẹ̀rí tirẹ̀ kù sí ní máàkì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.