Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kìíní 2013

Aago márùn-ún ìdájí. Ọyẹ́ ṣì bo orí Òkè Ìdànrè, èèyàn ò lè rí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Ní Òdodè, ọkùnrin ẹni ọdún 73 kan ti jí. Iná ò sí. Ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa àpò láílọ́ọ̀nù dúdú kan jáde, ó sì to ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan. Tọ́ọ̀ṣì ara fóònù ló fi ń wò wọ́n.

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, tí kòkòrò ti jẹ létí. Lẹ́tà mìíràn, ti ọdún 2000, tí òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù orí rẹ̀ ti ń ṣá. Ìwé báńkì. Ẹ̀dà ìwé mẹ́ta tí wọ́n ṣe ní Akúrẹ́. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀. Ó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà. Ó dá wọn padà sínú àpò bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀.

(Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ọjọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ̀yìn tì ni a kó pọ̀ sínú ọjọ́ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní orúkọ níhìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù kan ní Gudu, ní Àbújá, bó ṣe ṣẹlẹ̀ la sọ ọ́.)

Aago mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà mẹ́ta wá. Ó jẹ ẹyọ kan. Ó ní kí wọ́n fi méjì yòókù sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ òun tó ń lọ síléèwé. Ó mú bàtà dúdú rẹ̀, ó tu itọ́ díẹ̀ sí i lórí, ó fi àkísà nù ún títí ó fi ń dán. Ọdún márùndínlógójì ló fi ń nu bàtà báyìí láràárọ̀ kó tó jáde. Iṣẹ́ ti parí lọ́dún 2000, ọwọ́ ò tíì gbàgbé.

Aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mọ́tò Akúrẹ́ kò tíì kún. Lẹ́bàá gáreèjì, àwọn obìnrin ti ń tẹ́ kòkó sílẹ̀ de oòrùn, òórùn rẹ̀ sì kan síni nímú. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ níwájú." Ó dúpẹ́. Ó gbé àpò láílọ́ọ̀nù lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

Mọ́tò gbéra ní aago méje géérégé. Ẹnì kan lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ra kòkó. Bàbá náà ò dá sí i. Ó ní oko kòkó tirẹ̀, kékeré ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi àdá ro ó.

Aago mẹ́jọ. Báńkì kan ní Akúrẹ́. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, ṣùgbọ́n ìwé kan ti wà lára ògiri tí àwọn tó kọ́kọ́ dé ń kọ orúkọ sí. Nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 31. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀, irun wọn funfun bíi tirẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin kan tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó ń fi ọwọ́ pa ọrùn ẹsẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án. Wákàtí yìí ni ilé-ẹjọ́ gíga sábà máa ń jókòó ní Nàìjíríà. Ní Gudu, ní Àbújá, Adájọ́ Abubakar Talba ló ni kóòtù. Rotimi Jacobs, ọ̀kan lára àwọn àgbà agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní SAN, ló dúró fún EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó. Lórí ìwé ẹ̀sùn, Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àpapọ̀ Nàìjíríà ni olùpẹ̀jọ́. Ọkùnrin tó wà nínú àpótí olùjẹ́jọ́ ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí. Oṣù kẹta ọdún 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ kó òun àtàwọn mìíràn wá sílé-ẹjọ́. Wọ́n ti tún ìwé ẹ̀sùn náà kọ láti ìgbà náà.

Wọ́n ka ẹ̀sùn kan sí i létí. Ó ní òun jẹ̀bi. Wọ́n ka èkejì. Ó jẹ̀bi. Wọ́n ka ẹ̀kẹta. Ó jẹ̀bi.

Ẹni tó bá ti jẹ́wọ́, a kì í pe ẹlẹ́rìí lé e lórí mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ìbá jáde wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógún. Ó kan nọ́ńbà 31. Ọmọdébìnrin tó wà nídìí káńtà tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Kò tíì wọlé, sà."

"Ti oṣù yìí, àbí àjẹsílẹ̀?"

"Méjèèjì, sà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bóyá kí ẹ tún lọ ṣe ìyẹ̀wò, Bàbá. Wọ́n ní àwọn tí ẹ̀rọ ò gbà, orúkọ wọn ò jáde."

Ó ti lọ ṣe ìyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí dígí kékeré kan tó ń tan iná pupa. Mẹ́sàn-án gbà. Àtàǹpàkò ọ̀tún kọ̀. Wọ́n fi òwú nù ún, wọ́n ní kó fi í pa ara ṣòkòtò, kó tún tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ wo àtàǹpàkò náà dáadáa, ó ní ilà ara rẹ̀ ti parẹ́. Èèkù àdá ló pa á rẹ́. Lẹ́yìn tí owó ò wá déédéé mọ́ ni ó tó di àgbẹ̀.

Ní Gudu, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ dìde, ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹni tí òun ń gbẹjọ́ rò fún kò dẹ́ṣẹ̀ rí, kí ilé-ẹjọ́ ṣàánú rẹ̀.

Abala 309 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Àbújá ni wọ́n fi pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́. Ẹni tó bá jẹ̀bi lábẹ́ abala náà, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló pọ̀ jù fún un, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Bí ohun tó kó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, ọdún méjì. Bó jẹ́ bílíọ̀nù, ọdún méjì. Adájọ́ kọ́ ló sì ń yan abala tí wọn yóò fi pe èèyàn lẹ́jọ́. Olùpẹ̀jọ́ ni. Ibi tí ìjìyà lè ga dé, olùpẹ̀jọ́ ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ ìwé ẹ̀sùn.

Aago méjìlá ọ̀sán. Bàbá náà ṣì wà ní Akúrẹ́. Ó ra omi inú ọ̀rá kan. Ó mu ìdajì, ó di ẹnu ọ̀rá náà mú, ó tún mu ìyókù nígbà tó dé gáreèjì.

Aago méjì. Ó ti padà sí Òdodè. Kòkó tí wọ́n tẹ́ láàárọ̀ ti ń pọ́n nínú oòrùn. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan. Ó lọ gbé iyán wá.

Ọjọ́ yẹn kan náà, Adájọ́ Talba kéde ìdájọ́. Lórí ẹ̀sùn kìíní, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí 250,000 náírà. Lórí èkejì, bákan náà. Lórí ẹ̀kẹta, bákan náà. Ilé 32 ní Àbújá àti ní Gombe di ti ìjọba, pẹ̀lú owó tó lé ní mílíọ̀nù 325 náírà.

250,000 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 750,000. Ọkùnrin náà san án lójú ẹsẹ̀. Ó jáde ní kóòtù, ó ń lọ sílé.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fóònù dún ní Òdodè. Ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ló ń pè, ó kéré sí bàbá náà lẹ́nu iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ti gbọ́?"

"Gbọ́ kí ni?"

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já. Ó jáde síta, ó lọ dúró sí apá ibi tí àpáta ò ti dí ojú ọ̀run. Ó pe nọ́ńbà náà. Ohùn kan sọ fún un pé kò sí owó lórí fóònù rẹ̀.

Aago méje. Ó jókòó sí iwájú ilé. Ẹnikẹ́ni ò pè. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ẹnì kan nínú wọn ti tún kú. Báyìí ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ṣé ẹ ti gbọ́?"

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aládùúgbò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Akúrẹ́ yà wọlé. Ó bá bàbá náà níbi tó jókòó sí, ó kí i, ó sì dúró díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin tó kó owó yín, wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ lónìí."

Orúkọ ọkùnrin náà ni John Yakubu Yusuf. Ọ̀kan lára àwọn olùrànlọ́wọ́ olùdarí ni nígbà tó wà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. Ohun tó jẹ́wọ́ rẹ̀ ní Gudu ni pé òun àtàwọn mìíràn gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì kó lára owó náà. Ó lé ní bílíọ̀nù 20 náírà.

Bàbá náà ṣe ọlọ́pàá láti ọdún 1965 títí di 2000.

Ó ní, "Ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó?" Aládùúgbò náà ní kò sí ẹ̀wọ̀n, ó ti sanwó. Ó dárúkọ iye rẹ̀. Bàbá náà ní kó tún un sọ.

Aago mẹ́sàn-án. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní JSS 3 ti ṣí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ 2, ó wá ń kọ òdo tẹ̀ lé e. Ó kọ mẹ́jọ, ó kà á, ó rí i pé kò pé. Ó fi méjì kún un. Ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ìwé. Ó kọ 750,000 sábẹ́ rẹ̀. Ó gé òdo kúrò lókè àti nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó pa nǹkan rẹ́, ó fẹ́ ẹ̀rúnrún írésà dànù.

"Bàbá àgbà, nínú 100,000 náírà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kó, náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ 75 ni wọ́n ní kó san."

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Iye kan náà ni.

Aago mẹ́wàá kọjá. Aládùúgbò náà ò tíì lọ. Ó ní, "Ọ̀gá àgbà yín àtijọ́ ńkọ́?" Tafa Balogun ló ń sọ, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún ọlọ́pàá Nàìjíríà. Lọ́dún 2005, òun náà dúnàá dúrà, ó jẹ́wọ́, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un. Lucky Igbinedion, gómìnà Ẹdó àtijọ́, jẹ́wọ́ ní 2008, ó san mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ náírà, ó lọ sílé. Cecilia Ibru, ọ̀gá báńkì Oceanic àtijọ́, oṣù mẹ́fà ní 2010, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, dúkìá tó tó bílíọ̀nù 191 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà mọ gbogbo wọn. Kò fèsì.

Aago mọ́kànlá. Ó dá àpò láílọ́ọ̀nù padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ariwo ta káàkiri Nàìjíríà láàárín ọjọ́ mélòó kan. EFCC náà bínú. Wọ́n ní ìdájọ́ náà kò bá ohun tí olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ fi ohùn sí mu, pé kí ó lọ sẹ́wọ̀n, kí ó sì fi gbogbo ohun tó kó sílẹ̀. Ó yẹ kí èèyàn tún gbólóhùn yẹn gbọ́. Ìfohùnṣọ̀kan wà, ẹni méjì ló sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé wọ́n kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn pé ṣé ilé 32 tó. EFCC tún mú Yusuf, wọ́n fi ẹ̀sùn mìíràn kàn án. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìgbìmọ̀ NJC, tó ń bójú tó àwọn adájọ́, ní kí Adájọ́ Talba lọ rọ́kún nílé fún oṣù 12 láìgba owó oṣù. Ohun tí wọ́n ṣe fún adájọ́ hàn. Lórí abala 309 àti ẹni tó yàn án, ọ̀rọ̀ ò pọ̀.

Òfin yí padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2015. Abala 270 òfin tuntun tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní kí olùpẹ̀jọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tàbí aṣojú rẹ̀, kó tó bá olùjẹ́jọ́ ṣe àdéhùn. Ó ní kó fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀, títí kan bóyá kí wọ́n san nǹkan padà fún un. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Àbújá yí ìdájọ́ Gudu padà. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ìtanràn bílíọ̀nù 22.9 náírà. Ìjọba ni wọ́n ń san owó ìtanràn fún. Lórí ìwé ìpẹ̀jọ́, Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àpapọ̀ Nàìjíríà nìkan ló ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.