Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá gba ọjà Yábà kọjá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń múra àtilọ sí Ìlú Ọba yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ló mú òwe yìí bó ṣe dún létí. Wọ́n á tú òkìtì òkìrìkà, wọ́n á na kóòtù tó nípọn sókè, wọ́n á fa síìpù rẹ̀ wò, wọ́n á sì ná an; bẹ́ẹ̀ Ìlú Ọba náà ni ọ̀pọ̀ irú kóòtù bẹ́ẹ̀ ti wá. Èlùbọ́ àti ata gígún á tẹ̀ lé e nínú àpótí. Kò sí aburú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí àwọn àgbà ń wí ju aṣọ lọ. Ohun tó jẹ́ tẹni gan-an, tí kò ní jẹ́ kí ojú tini lóde, ni ẹ̀ṣọ́. Fún ẹni tó ń jápa lónìí, òun ni owó tí kì í ṣe ti olówó èlé, ìwé tí orúkọ inú rẹ̀ bára mu, àti ìmọ̀ òfin ìlú tó ń lọ.

Ká mú owó. Ìjọba Ìlú Ọba fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan tó kù tí òun yóò san, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ilé tó lè tó ti oṣù 9, ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń yáwó: owó á sùn sí báńkì, físà á jáde, olówó á kó owó rẹ̀ tèlé-tèlé. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ rèé. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Ẹni tó ń retí pé iṣẹ́ ni òun yóò fi dí àlàfo náà kò ṣírò dáadáa, nítorí wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láyè nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Owó náírà tó jẹ́ tẹni pàápàá lè yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Láàárín oṣù kẹfà 2023 sí oṣù kejì 2024, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 460 náírà, ó kọjá 1,500. Ní oṣù karùn-ún 2024, ìròyìn kàn pé Yunifásítì Teesside yọ orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí wọn kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san lásìkò lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò nílùú. Bí tẹni bá lè rí bẹ́ẹ̀, àyálò ńkọ́?

Ìdílé àti ìwé náà wà nínú ìṣirò. Láti oṣù kìíní 2024, àwọn tó ń ṣe oyè ìwádìí àti àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn nìkan ló ṣì lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ lọ jókòó ní kíláàsì fún máásítà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Tọkọtaya ní Sùúrùlérè gbọ́dọ̀ ti sọ ẹni tí ọmọ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ inú ìwé WAEC bá sì yàtọ̀ sí ti ìwé ìrìnnà, ọkọ̀ kan láti Mushin ló máa gbéni dé ọ́fíìsì WAEC ní Yábà. Láti òkè òkun, ẹ̀bẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní àwọn bàbá wa kò kó nǹkan kan lọ, síbẹ̀ wọ́n dèèyàn lọ́hùn-ún. Òfin ìgbà náà yàtọ̀. Kí òfin 1962 tó dín wíwọ Ìlú Ọba kù tó dé, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ọkọ̀ òkun Aureol ní Àpápá kó sọ̀ ní Liverpool láìtọrọ àṣẹ iṣẹ́. Wọn ò sì dá wà: WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní London ní 1925, ṣí ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 1933, torí àwọn onílé tó ń kọ̀ láti gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn mìíràn á ní bí àwọn bá dúró kówó jọ, òfin á tún yí. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin tó lè yí kí a tó lọ lè yí lẹ́yìn tí a bá dé, ẹni tí kò ní owó ìpamọ́ ló sì máa kọ́kọ́ kàn.

Nítorí náà, ẹ mú bírò. Ẹ kọ owó ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, owó oṣù 9, owó físà, àti owó ìlera tó jẹ́ 776 pọ́n-ùn lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí owó tó jẹ́ tiyín kò bá ká a, ẹ má tíì ra kóòtù.